WO ẸRÙ KÍ O TÓ BÁ ALÁBÀÁRÙ WÍ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni iwájú tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ni ẹni iwájú náà. Kòtò tí mo jìn sí kì í ṣe kòtò ojú títì ní ìgbà òjò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti jìn sí irú èyíinì náà rí. Inú yàrá ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ni mo ti ṣubú, ojú àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè mí ní tísà ni ó sì ṣe. Mo fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ bí ó ti rí, nítorí pé púpọ̀ nínú yín ni yóò lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ láìpẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ẹ̀ka tí ènìyàn wà lónìí, ìbáà ṣe ẹ̀ka Yorùbá, tí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kò ní kàn án.

Gwagwalada ni wọ́n rán mi lọ. Ẹni tí kò bá mọ ìlú náà, kí ó mọ̀ pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà tí ó wà ní agbègbè Olú-Ìlú Àpapọ̀ ilẹ̀ wa, èyí tí ìjọba ológun dá sílẹ̀ ní 1976. Odò Usuma ṣàn kọjá níbẹ̀. Ọ̀nà ńlá tí ó ti Àbújá lọ sí Lọ́kọ́ja là á kọjá. Ibẹ̀ náà ni yunifásítì tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1988 fìdí kalẹ̀ sí. Àwọn Gbagyi àti àwọn Bassa wà lára àwọn tí ó ti pẹ́ lórí ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n lónìí, bí ènìyàn bá dúró ní ọjà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, yóò gbọ́ Haúsá, yóò gbọ́ Ìgbò, yóò gbọ́ Ebira, yóò sì gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn ìyá tiwa tí wọ́n ti ilé wá ṣòwò.

Ohun kan yà mí lẹ́nu ní ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ dé. Àwọn obìnrin Gbagyi kì í fi orí ru ẹrù bí àwọn ìyá wa. Èjìká ni wọ́n fi ń gbé e. Ìbáà ṣe igi ìdáná, ìbáà ṣe igbá tí ó kún fún ohun oko, èjìká ni yóò jókòó sí, wọn yóò sì máa rìn lọ geere bí ẹni pé kò wúwo. Mo bi ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa tí ó jẹ́ Gbagyi léèrè ìdí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Tísà, bí ìyá mi ti sọ fún mi, orí ni ọba ara. Ta ni í di ẹrù lé ọba lórí?” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, nítorí pé àwa Yorùbá náà mọ iyì orí, síbẹ̀ a kò kọ̀ láti gbé ẹrù lé e. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹrù ni yóò da èmi àti ọmọ náà pọ̀ kí oṣù náà tó parí.

Ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n pín mi sí, ọmọ mọ́kànlá péré ni ó ń kọ́ Yorùbá ní kíláàsì àgbà. Nígbà tí igbákejì ọ̀gá-àgbà rí i pé ọwọ́ mi máa ń dilẹ̀, ó ní kí n máa ran Bàbá tí ó ń tọ́jú yàrá kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Ẹ má rò pé iṣẹ́ yẹpẹrẹ ni. Láti 2013 ni JAMB, àjọ tí olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Bwari, ní agbègbè Olú-Ìlú kan náà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò àṣewọlé sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Nígbà tí ó fi di 2015, wọ́n ti pa ti bébà tì. Ọmọ tí kò bá fọwọ́ kan ẹ̀rọ rí kí ó tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, ìdajì àkókò rẹ̀ ni yóò fi máa wá ibi tí lẹ́tà wà. Ìdí nìyí tí ilé ẹ̀kọ́ náà fi ń ṣe ìdánwò ìmúrasílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà fún àwọn ọmọ ọdún ìkẹyìn.

Ogójì kọ̀ǹpútà ni ó wà lórí tábìlì nínú yàrá náà, ọ̀kan ńlá sì wà ní kọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ kì í fọwọ́ kàn. Èyí tí ó wà ní kọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní sáfà. Bí ojú fèrèsé lásán ni ogójì yòókù rí. Inú sáfà ni ìbéèrè ti ń wá, inú rẹ̀ náà ni ìdáhùn ń padà sí. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, gbogbo ilé ni ó rẹ̀. Linux ni ètò tí ń darí rẹ̀, èyí tí Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ ní 1991 nígbà tí òun náà wà ní ipò akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa. Ẹ̀yà rẹ̀ tí a ń lò ni Ubuntu, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 2004. Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, ni ó pilẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn Zulu àti Xhosa fi ń pe ohun tí ó sún mọ́ ìwà ọmọlúwàbí ni ó sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Kò sí àwòrán mèremère lójú sáfà náà. Ojú dúdú ni. Ọ̀rọ̀ ni ènìyàn ń tẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ náà ni ó sì fi ń dáni lóhùn.

Ọmọ Ìgbómìnà ni Bàbá, ọdún díẹ̀ ni ó kù kí ó fẹ̀yìn tì. Ó fún mi ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé tèmi lórí sáfà. Ó kọ́ mi bí a ti ń tàn án, bí a ti ń pa á, àti bí a ti ń ṣí ìdánwò sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ní ọjọ́ kan ó ní, “Tísà, fà àga súnmọ́ mi, kí n kọ́ ọ bí a ti ń wo ẹrù ara rẹ̀ àti iyè rẹ̀.” Mo dáhùn pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ó di ọ̀la.” Ọ̀la náà kò dé títí ó fi di ọjọ́ wàhálà. Àìmọ̀kan, àìmọ̀kàn ni í mú èkúté ilé pe ológbò níjà.

Ohun tí ó ń lé mi nígbà náà ni àpilẹ̀kọ tí a ó fi gba ìwé ẹ̀rí. Ẹkún ìyàwó ni mo ń ṣe iṣẹ́ lé lórí. Mo ti rí àwọn ìyá láti agbègbè Ọ̀yọ́ tí wọ́n ń gbé Gwagwalada, tí wọ́n ṣì rántí ohun tí wọ́n sun ní ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, mo sì ti fi fóònù gba ohùn àti àwòrán wọn sílẹ̀. Fídíò mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí èyí tí kò gùn ju wákàtí kan lọ. Wọ́n tóbi púpọ̀, kọ̀ǹpútà alágbèéká mi kò gbà wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi kan fún mi ní àṣẹ kan tí a fi ń sọ fídíò di kékeré, èyí tí ń lo ètò tí wọ́n ń pè ní ffmpeg. Mo wá rò ó pé, kí ni sáfà wà fún?

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, mo dé ilé ẹ̀kọ́ kí aago méje tó lù. Mo tan sáfà, mo kó fídíò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí i, mo sì pàṣẹ fún un pé kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gbogbo wọn di kékeré lẹ́ẹ̀kan náà. N kò gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo pa ojú rẹ̀ dé, mo sì lọ sí àpéjọ òwúrọ̀. Lọ́kàn mi, kí aago mẹ́jọ tó lù, iṣẹ́ ti parí.

Bàbá kò sí nílé ẹ̀kọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ó lọ sí ilé ìwòsàn. Èmi nìkan ni ìdánwò aago mẹ́wàá já lé léjìká. Ọmọ méjìdínlógójì wọlé, wọ́n jókòó, mo ṣí ìdánwò sílẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì kò tíì pé tí ariwo fi bẹ̀rẹ̀. “Tísà, tèmi kò ṣí!” “Tísà, tèmi ti funfun!” “Tísà, mo ti dáhùn mẹ́ta, ó tún dá mi padà sí ìbẹ̀rẹ̀!” Mo ń sáré láti ìdí tábìlì kan dé òmíràn bí adìyẹ tí òjò ká mọ́ gbangba.

Ká má purọ́, ọ̀rọ̀ fídíò náà sọ sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan. Mo lé e jáde kíákíá. Mo sọ fún ara mi pé ó ti parí tipẹ́. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé n kò fẹ́ kí ó jẹ́ èmi.

Bí mo ti ń wá ẹni tí n ó dì í rù ni ojú mi ṣe kòńgẹ́ fíláàṣì kan tí ó wà lára kọ̀ǹpútà ọmọkùnrin Gbagyi tí mo wí ní ìṣáájú. Kíá, mo fà á yọ. Mo ní, “Ìwọ ni o kó kòkòrò wọ inú ẹ̀rọ!” Ó ní àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá ni ó wà níbẹ̀, pé ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ láti àná. N kò jẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀. Mo fi Yorùbá nà án lọ́rọ̀, èdè tí kò gbọ́, mo sì ní kí ó jáde lọ kúnlẹ̀ sínú oòrùn. Ó dìde, kò sọ ohunkóhun mọ́, ó lọ kúnlẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dákẹ́. Mo rò pé ìbẹ̀rù ni ó mú wọn dákẹ́.

Ẹ̀rọ kò yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà náà ni mo pinnu pé n ó fa wáyà iná sáfà yọ, kí n sì tún un tàn. Mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ mi ti kan wáyà, nígbà tí mo gbọ́ ohùn Bàbá lẹ́nu ọ̀nà: “Dáwọ́ dúró!” Ó ti ilé ìwòsàn dé, àpò oògùn rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ìdáhùn àwọn ọmọ lè ṣì wà nínú iyè ẹ̀rọ, kí ó máà tíì kọ wọ́n sórí dísìkì. Bí o bá pa iná, ohun tí ó wà nínú iyè nìkan di àgbàgbé nìyẹn. Kí ni ẹ̀rọ sọ fún ọ nígbà tí o bi í?” Mo ní, “Bàbá, n kò bi í ní ohunkóhun.” Ó wò mí títí. Ó jókòó.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó tẹ̀: uptime. Ìlà kan ṣoṣo náà ni ẹ̀rọ fi dáhùn. Aago wà níbẹ̀. Iye àkókò tí ẹ̀rọ ti wà lójú iṣẹ́ wà níbẹ̀, èyí tí ó lé ní wákàtí mẹ́ta. Nọ́ńbà mẹ́ta sì wà ní ìparí rẹ̀: 21.38, 20.94, 20.61. Bàbá ní, “Ìpíndọ́gba ẹrù nìyí. Ti àkọ́kọ́ ń sọ nípa ìṣẹ́jú kan tí ó kọjá, ìkejì nípa ìṣẹ́jú márùn-ún, ìkẹta nípa ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹrù tí wọ́n ń kà ni iye iṣẹ́ tí ń lọ lọ́wọ́ àti èyí tí ó tò sí ẹ̀yìn, tí ń retí kí ó kàn án.”

Ó tún tẹ nproc. Ẹ̀rọ dáhùn pé 4. Bàbá ní, “Alábàárù mẹ́rin ni ẹ̀rọ yìí ní. Bí nọ́ńbà ẹrù bá jẹ́ 4, alábàárù kọ̀ọ̀kan ti rí ẹrù tirẹ̀, kò sí èyí tí ń dúró. Bí ó bá jẹ́ 2, méjì ń sinmi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá lé ní 21, mẹ́rin ń rù, mẹ́tàdínlógún wà nílẹ̀ tí ń pariwo. Nítorí náà, má ṣe wo nọ́ńbà ẹrù láìmọ iye alábàárù. Ohun tí ó lè pa ẹ̀rọ alábàárù mẹ́rin, eré ni lójú ẹ̀rọ alábàárù mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.” Ó fi kún un pé ní Linux, láti 1993 ni wọ́n ti ń ka àwọn iṣẹ́ tí ó dúró de dísìkì náà mọ́ ẹrù; nítorí náà nọ́ńbà lè ga nígbà tí ọpọlọ ẹ̀rọ kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́ púpọ̀, tí ó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà dísìkì ni èrò gbé dí pa.

Lẹ́yìn náà ni ó bi mí léèrè ohun tí ó mú àyà mi já. Ó ní, “Aago mélòó ni àwọn ọmọ wọlé?”

“Aago mẹ́wàá, sà.”

“Kí ni aago wí nísinsìnyí?”

“Mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, sà.”

“Ó dára. Ká ní àwọn ọmọ ni ó gbé ẹrù yìí dé, nọ́ńbà àkọ́kọ́ ìbá ga, ṣùgbọ́n ìkẹta, tí ó ń rántí ohun tí ó ti pẹ́, ìbá wà ní nǹkan bí ìdajì rẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba yìí. Ẹrù yìí ti wà lọ́rùn ẹ̀rọ kí ọmọ kankan tó jókòó.”

N kò lè fèsì. Bàbá kò dúró dè mí. Ó tẹ free -h, ó sì ní kí n ka ohun tí mo rí. Mo kà á pé gbogbo iyè tí ẹ̀rọ ní kò tó gígábáìtì mẹ́rin, pé ohun tí ó ṣófo lábẹ́ free kò ju 110 mẹ́gábáìtì lọ. Mo ní, “Háà, iyè rẹ̀ ti tán!” Ó mi orí. Ó ní, “Má tètè ké. Ẹni tí kò mọ̀ ni í máa wo free. Linux kì í fi iyè sílẹ̀ lásán. Ó dàbí ìyá ọlọ́jà tí ìsọ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ ṣófo: yóò tẹ́ ọjà tirẹ̀ dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n bí onísọ̀ bá dé, yóò kó ọjà rẹ̀ kúrò fún un. Ohun tí ó yá lò bẹ́ẹ̀ ni ó wà lábẹ́ buff/cache. Nítorí náà, available ni kí o máa wò; òun ni ó ń sọ iye tí iṣẹ́ tuntun lè rí gbà ní tòótọ́. Mo ti rí ẹ̀rọ tí free rẹ̀ kéré tí ara rẹ̀ le koko.” A wá wo available. Òun náà kò ju 150 mẹ́gábáìtì lọ. Bàbá ní, “Èyí ni ìgbà tí a lè ké.”

Ó nàka sí ìlà kejì, níbi tí wọ́n kọ Swap sí. Nínú gígábáìtì méjì, ó lé ní ọ̀kan àti ààbọ̀ tí wọ́n ti lò. Ó ṣàlàyé pé nígbà tí iyè bá kún, ẹ̀rọ a máa kó díẹ̀ nínú ohun tí ó wà níbẹ̀ lọ sí àyè kan lórí dísìkì, bí aránṣọ tí tábìlì rẹ̀ kún tí ó ń kó aṣọ lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Kò sí aburú nínú pé nǹkan wà ní yàrá ẹ̀yìn. Aburú ni kí aránṣọ máa sáré lọ, kí ó máa sáré bọ̀, láìráyè rán ojú abẹ́rẹ́ kan. Ó tẹ vmstat 1, nọ́ńbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ si àti so, níbi tí ó yẹ kí òdo wà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni mo rí. Aránṣọ wa ń sáré.

Bàbá ní, “Ó ku kí a mọ ẹni tí ó gbé e wá.” Gbogbo alángbá ni ó da inú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ó tẹ top, ó sì tẹ lẹ́tà M ńlá kí ẹ̀rọ lè to iṣẹ́ gbogbo bí wọ́n ti ń jẹ iyè sí. Mẹ́fà wọ̀nyí gba orí. Orúkọ kan náà ni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń jẹ́, ffmpeg. Ṣùgbọ́n top kì í sọ orúkọ iṣẹ́ nìkan. Ó máa ń kọ orúkọ ẹni tí ó ni iṣẹ́ náà sí i. Níwájú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, orúkọ tèmi ni ó wà níbẹ̀. Ìgbà mẹ́fà ni mo kà á, èmi, èmi, èmi, títí dé ìsàlẹ̀.

Bàbá rí i. Mo mọ̀ pé ó rí i. Kò wò mí lójú, kò sì gbé ohùn sókè kí àwọn ọmọ tí ó wà nítòsí má bàa gbọ́. Ó kàn ní, “Tísà, kí ni kí a ṣe?” Mo ní kí ó jẹ́ kí n dá wọn dúró. Mo fẹ́ tẹ kill -9 tí mo ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀rẹ́ mi. Ó ní rárá, pé kill lásán ni kí n kọ́kọ́ lò, nítorí pé èyíinì ń sọ fún iṣẹ́ pé kí ó palẹ̀ mọ́ kí ó sì máa lọ, ṣùgbọ́n -9 ń bẹ́ ẹ lórí láìjẹ́ kí ó dágbére. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko. Mo dá wọn dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí èyí tí ó kẹ́yìn ti lọ ni ariwo yàrá rọlẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí káàkiri. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn náà, Bàbá tún tẹ uptime. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ti bọ́ sílẹ̀ sí nǹkan bíi 2. Ìkẹta ṣì wà ní 17. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní, “Ìrora ti tán, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò tíì gbàgbé.”

Ọmọ náà ṣì wà lórí eékún.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ní àkókò yìí ni mo mọ̀ pé èyí tí ó ṣòro kò tíì bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Bàbá kò ní sọ. Mo lè pe ọmọ náà wọlé, kí n ní mo ti dárí jì í, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì máa pè é ní oníkòkòrò títí yóò fi jáde ìwé. Èrò náà wá sí mi lọ́kàn, n kò ní fi í pamọ́ fún yín. Ohun tí ó dá mi dúró ni ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ sọ fún mi nípa ìyá rẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ̀ kò gbà kí a di ẹrù lé orí, nítorí iyì orí. Èmi tí mo ń kọ́ àṣà, mo gbé ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀, mo dì í lé e lórí níṣojú gbogbo ènìyàn.

Mo jáde sí i. Mo ní kí ó dìde. Mo mú un wọlé, mo sì dúró níwájú kíláàsì, mo sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀: pé iṣẹ́ tèmi ni ó wà lórí sáfà, pé mo gbé e síbẹ̀ láìgba àyè, pé fíláàṣì ọmọ yìí kò ṣe ohunkóhun, àti pé mo ti jẹ ẹ́ níyà lásán. Mo bẹ̀ ẹ́. Ohùn mi gbọ̀n. Ọmọ náà gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó ní, “Sà, ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀ ìdánwò mi báyìí?” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá fún un ní gbogbo àkókò tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi kún ti àwọn yòókù.

Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ìkíni lásán ni ó ń lọ láàárín èmi àti ọmọ náà. Mo rántí nọ́ńbà kẹta, mo sì ní sùúrù. Ní ọjọ́ kan lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, ó wá bá mi ní ẹnu ọ̀nà yàrá kọ̀ǹpútà, ó ní òun fẹ́ kí n kọ́ òun bí Bàbá ti ṣe mọ̀ pé kì í ṣe òun. Mo fa àga fún un. Mo tẹ uptime, mo tẹ nproc, mo tẹ free -h, mo tẹ top. Ó tètè mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Kí n tó kúrò ní Gwagwalada, òun ni Bàbá máa ń ní kí ó yẹ ẹrù sáfà wò kí ìdánwò kankan tó bẹ̀rẹ̀.

Àpilẹ̀kọ mi parí. Bàbá fúnra rẹ̀ ni ó gbà mí láyè láti sọ fídíò náà di kékeré, ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé. Ó kọ́ mi láti fi nice ṣáájú àṣẹ náà, kí iṣẹ́ mi lè máa yà fún iṣẹ́ tí ó ṣe pàtàkì jù ú lọ. Ọjọ́ mẹ́fà ni ó gbà. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ fún ìdánrawò, ẹ gba èyí lọ́wọ́ mi. Bí àgbà kan bá ní òun fẹ́ kọ́ yín ní nǹkan, ẹ má ṣe ní kí ó di ọ̀la. Bí ẹ̀rọ bá ń fà, ẹ bi í kí ẹ tó pa á, nítorí pé ẹni tí ó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bí ọmọ bá sì ń fà ní kíláàsì, tí ó ń sùn, tí kò gbọ́ ohun tí ẹ ń wí, ẹ bi òun náà. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní Gwagwalada ni ó ti pọn omi, tí ó ti gbálẹ̀, tí ó ti bá ìyá rẹ̀ gbé igi dé ẹ̀bá títì kí aago ilé ẹ̀kọ́ tó lù. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ nìkan ni tísà tí ó wọlé ní aago mẹ́jọ ń rí. Kí ó tó gbé ẹgba, kí ó kọ́kọ́ wo ìkẹta.